Bí A Ṣe Lè Kọ Ìtàn Ìgbésí Ayé Herbert Macaulay Kí Ó Má Di Oríkì

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń dáwọ́ lé ìtàn Herbert Macaulay, yálà fún ìwé ìrántí ilé ẹ̀kọ́, fún àpilẹ̀kọ oyè, tàbí fún ìwé pélébé tí ẹgbẹ́ ọmọ Èkó kan fẹ́ pín níbi àjọ̀dún, ibi kan náà ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní òun ni baba òṣèlú Nàìjíríà, wọ́n á ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀, wọ́n á sì fi ọjọ́ ikú rẹ̀ kádìí ọ̀rọ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dùn ún gbọ́ lórí àga àpéjọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kà á tán kò ní mọ ìdí tí àwọn ìyálọ́jà àti apẹja Ìsàlẹ̀ Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, fi gba ọ̀rọ̀ ọmọ àlùfáà tí ó ń wọ kóòtù tí ó sì ń de táì bí Òyìnbó gbọ́ ju ti ìjọba lọ. Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ gbà yín ni pé orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n gbà, tí àwọn olóyè sì tìtorí rẹ̀ sọdá òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ti fìdí múlẹ̀ nínú ìwé yín, ẹgbẹ́ òṣèlú, ìwé ìròyìn àti ẹ̀wọ̀n yóò rí àyè tiwọn.

Ẹ kọ́kọ́ to ọdún

Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ mú ìwé tí ó fẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi ìlà pín in sí mẹ́ta: apá kan fún ọdún, apá kan fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀, apá kẹta fún ibi tí ẹ ti rí i. Apá kẹta yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun náà sì ni yóò gbà yín lọ́jọ́ tí ìwé méjì bá takora.

Ẹ má fi ọdún ìbí rẹ̀ ṣe àkọ́kọ́. Ẹ fi 1851 ṣáájú, ọdún tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn ńlá lu Èkó, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ lọ, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ẹ fi 1861 tẹ̀ lé e, nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá kọ 14 oṣù Kọkànlá, ọdún 1864, ọjọ́ tí wọ́n bí Ọláyínká Herbert Samuel Heelas Badmus Macaulay. Ẹni tí ó bá to ọdún báyìí yóò rí i pé ọmọ náà kò bá Èkó tí ó dá dúró. Ọdún mẹ́ta péré ni ìwé Dòsùnmú fi ṣáájú rẹ̀ dé, àríyànjiyàn lórí ohun tí ìwé náà gbà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ kò sì tíì tán nígbà tí ọmọ yìí fi di arúgbó.

Lórí ìdílé, ẹ má pẹ́ jù. Ìyá rẹ̀, Abigail, ni ọmọ Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣòògùn ní 1821, tí wọ́n sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864 gan-an. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ni ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà. Ẹ má lọ máa wá ilé ẹ̀kọ́ náà ní Broad Street o. Bàrígà ni ó wà báyìí. Ìpínrọ̀ kan tó fún gbogbo èyí, nítorí pé bí ẹ bá fi ojú ewé mẹ́wàá kọrin ìyìn Crowther, inú ìwé Crowther ni òǹkàwé yóò rò pé òun wà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Orúkọ ẹgbẹ́ tí Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 24 oṣù Kẹfà, 1923, ìyẹn Nigerian National Democratic Party, ni ẹgbẹ́ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá tún mú jẹ́ ní 1964, èyí tí àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní Dẹ́mọ̀. Macaulay ti kú ní ọdún 18 ṣáájú ìgbà náà. Mo ti rí ìwé tí ó so méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan bí èkejì. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé ọdún yín kedere pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀: ẹ dúró níbí pẹ́

Ní 1881 ni Macaulay wọṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde. Ní 1890 ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì padà dé ní 1893 láti di awọnlẹ̀ ìjọba lórí ilẹ̀ tí wọ́n sọ pé ó ti di ti adé Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1898, ó sì ń dá wọnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń sáré kọjá lórí ọdún márùn-ún yìí, nígbà tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀bẹ ti mú. Ẹ rò ó wò: ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Èkó, pẹ̀lú ṣéènì ìwọnlẹ̀ àti ìwé àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́, ni ó ń kọ ohun tí ìjọba ní sílẹ̀, tí ó sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó dúró tì í pé baba àwọn ni ó ni ín. Ó rí bí a ti ń pín ilẹ̀ fún ẹni tí ìjọba fẹ́. Ó mọ ààlà agbo ilé dé agbo ilé. Nígbà tí ó di alátakò ìjọba, ohun tí ìjọba fi owó rẹ̀ kọ́ ọ ni ó mú wá jà á.

Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti bọ́ sórí ẹjọ́ Àpápá, kí ẹ sì fún un ní orí kan tirẹ̀. Ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tí í ṣe Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun tí a ń pè ní Ìdẹ́jọ, tí ó ni ilẹ̀ Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà. Ìjọba kò sọ pé àwọn kò ní san nǹkan kan; ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀tọ́ olóyè náà kò ju pé kí ó máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ, nítorí náà owó tí wọ́n máa san kò gbọdọ̀ ju iye ẹ̀tọ́ ìṣákọ́lẹ̀ yẹn lọ. Àwọn ilé ẹjọ́ ní Èkó gbè sẹ́yìn ìjọba. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso máa ń parí sí. Ní oṣù Keje 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́ pé ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti gbogbo agbo tí olóyè ń ṣojú fún, àti pé gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀ gan-an ni kí wọ́n san án fún wọn, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí agbowó ìṣákọ́lẹ̀.

Ẹ wá ìdájọ́ náà kà fúnra yín. Kò ṣòro rí: ó wà nínú àkójọ ìdájọ́ ọdún 1921, lọ́yà tí ó bá ti kọ́ òfin ilẹ̀ ní Nàìjíríà ti kà á rí, kò sì gùn. Bí ẹ bá ń kà á, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí onídàájọ́ ti ṣàlàyé bí ilẹ̀ ẹbí ti rí, kí ẹ sì wò ó bóyá àlàyé náà bá ohun tí ẹ̀yin náà mọ̀ nílé mu. Ẹ óò rí i pé Macaulay kọ́ ni agbẹjọ́rò. Gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀ Olúwa ni ó ṣe bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tí ó bá sọ pé “Macaulay ni ó ro ẹjọ́ náà tí ó sì borí” ti ṣì í sọ, kò sì bu iyì kún un. Ohun tí ó ṣe lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òun ni ó jẹ́ kí ẹjọ́ olóyè kan di ẹjọ́ ìlú.

Ọ̀pá àṣẹ yẹn ni ó bí ẹjọ́ kejì. Nígbà tí Macaulay wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sọ̀rọ̀ nípa ipò Elékòó lọ́nà tí ó gbé ọba náà ga ju bí ìjọba ti fẹ́ lọ. Ìjọba ní kí Ọba rán alágogo kiri ìlú láti kéde pé òun kò mọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Èṣùgbàyí kọ̀ láti rán alágogo. Ní oṣù Kejìlá 1920 ìjọba ní àwọn kò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́. Ní 1925 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ìbíkúnlé Akítóyè jọba, lẹ́yìn rẹ̀ Sànúsí Olúsì, àwọn lọ́yà ẹ̀yìn Elékòó kò sì dẹ́kun lílọ sí Privy Council títí tí Lord Atkin fi sọ ní 1931 pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè fi òmìnira ẹnikẹ́ni dù ú láìjẹ́ pé ó lè fi hàn níwájú adájọ́ pé òfin fún òun láṣẹ. Ní ọdún yẹn, lábẹ́ Gómìnà Donald Cameron, Èṣùgbàyí padà sí Èkó, ó sì wàjà ní 1932.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ apá yìí, mo rọ̀ yín kí ẹ má to gbogbo ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tẹ̀ léra wọn. Ẹ mú ọ̀rọ̀ alágogo nìkan, kí ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ìjọba tí ó ní ìbọn àti ọkọ̀ ogun ń bẹ alágogo lọ́wẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìlú kò ní gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ lẹ́nu àwọn. Ọba tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ẹnu alágogo lọ sì fi í pamọ́. Òǹkàwé yóò ti ibẹ̀ mọ ẹni tí ó ń ṣàkóso Èkó ju kí ẹ kọ ojú ewé ogún nípa ètò ìjọba amúnisìn.

Ẹ gbọ́ tọ̀tún tòsì

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Láti 1927 ni Lagos Daily News ti wà lọ́wọ́ Macaulay, ohun tí ẹ bá kà níbẹ̀ nípa àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí inú ń bí. Ẹ ka Nigerian Pioneer ti Kitoyi Ajasa náà, tí ó máa ń gbè sẹ́yìn ìjọba. Ẹ wá ohun tí àwọn ènìyàn bíi Henry Carr àti Dókítà John Randle sọ. Ọ̀mọ̀wé àgbà ni Carr, ọmọ Èkó ni, ipò tí ó ga sì ni ó dì mú lábẹ́ ìjọba. Ní 1924 Macaulay tẹ ìwé pélébé jáde pé àfi kí ó kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá fi Carr ṣe ọ̀dàlẹ̀ nítorí pé akọni inú ìwé yín kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ kò tíì kọ ìtàn.

Ẹ má gbàgbé àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ìgbà náà: Èkó Akéte bẹ̀rẹ̀ ní 1922, Elétí Ọfẹ ní 1923, Akéde Èkó ní 1928. Kíkọ wọn yàtọ̀ sí ti òde òní, ẹ ó máa rí “aiye” àti “enia” àti “nwọn”, àmì ohùn kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sókè kí ẹ tó dà á kọ. Etí yóò mú ohun tí ojú kò rí. Bí ẹ bá ń fa ọ̀rọ̀ yọ, ẹ fi sílẹ̀ bí wọ́n ti kọ ọ́.

Níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ni mo ti máa ń mọ òǹkọ̀wé tí ó lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Macaulay ṣẹ̀wọ̀n. Ní 1913, ọdún méjì ni wọ́n dá fún un lórí owó dúkìá olóògbé tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ní 1928, oṣù mẹ́fà ni, nítorí ìwé ìròyìn rẹ̀ tẹ àhesọ jáde pé wọ́n fẹ́ pa Elékòó. Àwọn kan máa ń kọ èkejì sílẹ̀ nítorí pé ó jọ ìyà akọni, wọ́n á sì yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọjá lára ti àkọ́kọ́. Ẹ kọ méjèèjì. Ẹ sọ pé àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ gbà pé ìjọba ń gbẹ̀san ni, ẹ sọ ohun tí ilé ẹjọ́ sọ, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde: ẹ̀wọ̀n 1913 yẹn kò jẹ́ kí ó lè dupò. Ọkùnrin tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gba gbogbo ìjókòó mẹ́ta tí Èkó ní nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1923, ní 1928 àti ní 1933 kò jókòó níbẹ̀ fún ọjọ́ kan. Láti ilé rẹ̀ ní Balbina Street, tí ó sọ ní Kirsten Hall, ni ó ti ń darí wọn.

Lọ́dọ̀ àwọn àgbà

Ẹni tí ó bá fojú rí Macaulay ní ogún ọdún yóò ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, nítorí náà ohun tí ẹ ó gbọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ. Ó ṣì wúlò, bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ bóyá ẹni náà rí i ní kékeré, tàbí ìyá rẹ̀ ni ó sọ fún un, tàbí inú ìwé ni ó ti kà á.

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ má sì gbé fóònù síwájú àgbà kí ẹ tó tọrọ àyè. Lẹ́yìn ìkíni, ẹ má béèrè pé irú ènìyàn wo ni Macaulay, torí ìyìn ni ẹ ó gbà. Ẹ ní: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ sà, a gbọ́ pé ilẹ̀ agbo ilé yín dé kóòtù rí láyé Òyìnbó. Ta ni ó bá yín wọ̀n ọ́n?” Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà, ẹ béèrè pé: “Màmá, orin wo ni ẹ gbọ́ pé wọ́n ń kọ nígbà tí Elékòó ti Ọ̀yọ́ dé?” Orin máa ń pẹ́ lẹ́nu ju ọdún lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé ilẹ̀ àtijọ́ jáde láti inú àpótí, ẹ má mú un lọ sílé. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹni tí ó ni ín, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ kì í pẹ́ jí ní Èkó.

Ẹ béèrè nípa àwọn obìnrin pàápàá. Lábẹ́ òfin tí Gómìnà Clifford gbé kalẹ̀ ní 1922, àwọn ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún wọn lọ́dún tó £100 nìkan ni ó lè dìbò ní Èkó. Obìnrin kankan kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, Álímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, tí ó ń ta ẹja, tí ó sì jẹ́ olórí àwọn ọlọ́jà Èkó, wà lára òpó tí Macaulay fara tì. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin ní 1940, ìwọ́de ni àwọn ọlọ́jà fi dá wọn lóhùn. Ìwé tí ó bá ka orúkọ àwọn tí ó wọlé ìbò tí kò sì dárúkọ Pẹlẹ́wùrà ti kọ ìtàn àwọn ọlọ́gọ́rùn-ún pọ́n-ùn nìkan.

Ohun tí ó fẹ́ àti ohun tí kò tíì fẹ́

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ 1960 sí i lẹ́nu ní 1923. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò béèrè pé kí Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí Èkó ṣàkóso ara rẹ̀, kí gbogbo ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, kí ilé ẹ̀kọ́ gíga wà nílé, wọ́n sì ń sọ nínú ìwé wọn pé olóòótọ́ ni àwọn sí adé. Orúkọ ẹgbẹ́ náà jẹ́ ti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ní Èkó ni agbára rẹ̀ wà. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement fi èyí bú u, wọ́n sì gba ìjókòó náà lọ́wọ́ wọn ní 1938. Èmi gbà pé ó yẹ kí òǹkọ̀wé fi ìṣubú yìí hàn láìṣe àwáwí, nítorí òun ni ó jẹ́ kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yéni: ní 26 oṣù Kẹjọ, 1944, ní Glover Memorial Hall, arúgbó tí ó sún mọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún gbà láti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ NCNC (National Council of Nigeria and the Cameroons), Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Ìgbà yẹn ni ó tó bọ́ sí òṣèlú gbogbo Nàìjíríà. Ní 1946 ó bá wọn rìnrìn àjò láti tako òfin ìṣàkóso tuntun ti Gómìnà Richards, àìsàn kọlù ú ní Kánò, wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú ní 7 oṣù Karùn-ún. Itẹ́ òkú Ìkòyí ni wọ́n sin ín sí.

Ibi tí ìwé wà

Ilé ìkówèésí Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ni àwọn ìwé Macaulay fúnra rẹ̀ wà, lẹ́tà, ìwé owó, ìwé ẹgbẹ́. Inú ọgbà kan náà ni ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ wà. Ẹ kọ̀wé ṣáájú kí ẹ tó lọ, ẹ mú lẹ́tà láti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ yín dání, ẹ sì sọ ọdún tí ẹ ń wá, nítorí ẹni tí ó bá ní “gbogbo nǹkan nípa Macaulay” ni òun fẹ́ yóò jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Fún àwọn tí kò lè kúrò ní Èkó, ẹ gbìyànjú ẹ̀ka ilé ìkówèésí ìjọba àpapọ̀ ní Yábà, tí ó wà lójú títì tí ó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin náà gan-an.

Fún àwòrán, ẹ yẹra fún èyí tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbé kiri láìsí orúkọ ayàwòrán. Owó náírà kan ti 1979, tí ó jẹ́ bébà, àti ti 1991, tí ó jẹ́ kọ́ìnì, gbé ojú rẹ̀ pẹ̀lú irunmú rẹ̀ ńlá yẹn. Ẹni tí ó bá ní èyíkéyìí nílé lè ya fọ́tò rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ fún ènìyàn méjì kà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́: ọ̀kan láti agbo ilé tí ó wà lẹ́yìn Elékòó láyé ọjọ́un, ọ̀kan láti ìdílé tí kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n kò gbà. Ibi tí àwọn méjèèjì bá fà á sí, ẹ padà sí apá kẹta ìwé ọdún yín, kí ẹ wo ibi tí ẹ ti rí i.